Oúnjẹ Tí Kò Gba Ẹnu Wọlé

Ẹni tó bá sọ pé òun gbé Mushin láyé ìjọ́un, tí kò mọ Fàósátù ọlọ́ṣẹ, ẹ má wulẹ̀ bá a jiyàn, ẹ ṣáà ti mọ̀ pé àlejò ni. Ọṣẹ Fàósátù kì í ṣe ọṣẹ tí wọ́n ń polówó. Aṣọ iṣẹ́ tí gírísì ti mú gan-gan bíi páànù, bí ẹ bá fi ọṣẹ yẹn ra á lẹ́ẹ̀kan péré, yóò máa dán bí aṣọ ìyàwó. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní Makoko ń wọkọ̀ wá rà á, wọ́n ní òun nìkan ló ń lé òórùn èéfín kúrò lára àwọn kí ọkọ àwọn tó dé. Wọ́n tiẹ̀ ní ìyàwó ọ̀gá sójà kan ní Surulere kì í jẹ́ kí nǹkan mìíràn kan yunifọ́ọ̀mù ọkọ òun. Ẹni tó bá wù kó pè é nírọ́. Ọṣẹ yẹn tó bẹ́ẹ̀, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí obìnrin náà sí, ní agboolé àwọn Mùsùlùmí ahunṣọ kan. Nígbà tí Yẹ̀kínnì gbé e níyàwó wá sí Èkó, kò mọ iṣẹ́ kankan ju òwú ríràn lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ọṣẹ sísè, nígbà tí ìyá náà sì kú, ìkòkò ọṣẹ di tirẹ̀. Èèyàn kúkurú ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ le bí ọmọ odó nítorí ọṣẹ tó ń rò. Àwọn ọkùnrin tó ń la pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn máa ń bá a ṣàwàdà pé bó bá gbá ọkọ rẹ̀ mú lọ́jọ́ kan, àwọn ò ní lè là wọ́n. Á rẹ́rìn-ín, á máa ro ọṣẹ rẹ̀ lọ.

Ohun tó yẹ kéèyàn mọ̀ nípa ọṣẹ ni sódà rẹ̀. Sódà yìí funfun bí iyọ̀. Bí wọ́n bá dà á sínú omi, omi náà á gbóná fúnra rẹ̀ láìsí iná, wọ́n á wá fi í sílẹ̀ kó tutù kí wọ́n tó dà á sínú àdín. Bó bá ti tutù tán, ó mọ́ gaara bí omi òjò. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ta sí èèyàn lọ́wọ́, awọ ọwọ́ á bó. Fàósátù kì í fi ṣeré. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló ń gbé e sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé, á sì gbé òkúta lé ìdérí rẹ̀ lórí.

Yẹ̀kínnì ọkọ rẹ̀, bàbá Ràmọ́tà ọmọ wọn, káfíńtà ni. Òun ló kan ìdajì ilẹ̀kùn tó wà lágbègbè Ọjúwòyè. Ìdajì tó kù, àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló kàn án. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ pákó ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Òun ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò, ẹni tó ń pe àwọn èèyàn wá kírun. Mọ́ṣáláṣí náà kò ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn nígbà yẹn, kò sì nílò rẹ̀. Bí Yẹ̀kínnì bá ki ìka bọ etí tó la ẹnu, àwọn awakọ̀ tó ń kó èrò Ìbàdàn ní Jíbówú á pa íńjìnnì ọkọ̀ wọn kí wọ́n lè gbọ́ ọ, àwọn tó sùn sí itẹ́ òkú Àtàn á sì yí ẹ̀gbẹ́ padà. Fàósátù kì í yìn ín lójú. Ṣùgbọ́n bí ohùn náà bá ti gbéra, bó ti wù kí iná ọṣẹ rẹ̀ jó tó, á dá ọwọ́ dúró.

Ọdún tí owó Údọ́jì, àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ku díẹ̀ kó jáde ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, nínú oṣù ààwẹ̀. Òjò ọjọ́ náà kì í ṣe òjò kékeré. Fàósátù ti po omi sódà láàárọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àgbàrá wọ ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó ń gbé igi ìdáná lọ. Fàósátù sáré gbé abọ́ tánganran tí omi sódà wà nínú rẹ̀, ó gbé e wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí kò tutù, ó gbé e lé orí àpótí, ó fi àwo pẹrẹsẹ dé e. Ó ní kí òun kọ́kọ́ lọ gbé garawa àdín kí àgbàrá má bàa dà á nù, kí òun tó padà wá wá ibi gidi gbé abọ́ náà sí. Ohun tí kò wá sí i lọ́kàn nínú ìdààmú yẹn ni pé orí àpótí yẹn gan-an ni òun máa ń gbé omi ìṣínu ọkọ òun sí.

Àwọn ládàánì ní ìṣe kan tí àwọn tó ń gbọ́ ìpè kì í rò sí. Gbogbo èèyàn ló ń dúró de ìpè Mọ̀gàríbì kí wọ́n tó ṣínu, ṣùgbọ́n ládàánì fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi omi tọ́ ọ̀fun kó tó pè, kí ohùn má bàa há. Yẹ̀kínnì kì í jókòó mu omi yìí. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, bó bá ti dá a lójú pé oòrùn ti wọ̀, á na ọwọ́ sẹ́yìn láì bojú wẹ̀yìn, á ṣí abọ́, á gbé e mì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì ti máa lọ sí mọ́ṣáláṣí. Bẹ́ẹ̀ ló ti ń ṣe é láti ọdún tí wọ́n ti fi í jẹ ládàánì.

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ṣí abọ́. Ó gbé e mì.

Ní gbogbo àdúgbò, èèyàn ti gbé kóòpù dání. Àwọn kan ti mú àkàrà sún mọ́ ètè, itọ́ ti kún ẹnu wọn. Ìpè kò wá. Christopher, tó ń tún rédíò ṣe lódìkejì ọ̀nà, ọmọ ìjọ Àgùdà ni, ṣùgbọ́n kò sí ọdún tí kì í bá wọn jẹ ẹ̀wà ìṣínu bí ẹni tó gbààwẹ̀. Ó kígbe láti ìsọ̀ rẹ̀ pé:

"Ládàánì! Ṣé oòrùn tiyín ò tíì wọ̀ ni? Ebi fẹ́ pa àwa Kìrìsìtẹ́nì kú o!"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò tíì tán nígbà tí wọ́n gbọ́ igbe Fàósátù.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, Yẹ̀kínnì ti wó lulẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn mú, ètè rẹ̀ ti bó. Sìmíátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé yàrá iwájú, kò béèrè nǹkan kan. Ó sáré gbé ìgò epo pupa, ó la ẹnu àbúrò rẹ̀, ó da epo sí i, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti máa ń ṣe bí èèyàn bá jẹ májèlé. Yẹ̀kínnì bì í. Ohun tó jó o nígbà tó ń lọ tún jó o nígbà tó ń bọ̀. Ẹlòmíràn ló pe ìrun ọjọ́ náà, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, àwọn èèyàn sì ṣínu láì mọ adùn ohun tí wọ́n fi sẹ́nu. Christopher ló yá ọkọ̀ ìjàpá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fi gbé wọn dé ọsibítù.

Yẹ̀kínnì kò kú. Bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ pé kò kú ni ìyà mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọgbẹ́ inú ọ̀fun rẹ̀ ń jinná, bó sì ṣe ń jinná ló ń sún kì bí awọ tí wọ́n sá sóòrùn. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀kọ ń kọjá. Nígbà tó yá, omi nìkan ló ń kọjá. Nígbà tó tún yá, omi gan-an ń gba imú jáde, itọ́ ara rẹ̀ sì di ohun tó ń tu sínú agolo. Ọkùnrin tó ń fi apá kan gbé pákó di ẹni tí wọ́n ń gbé dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ohùn tó ń dé Jíbówú kò lè dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù mọ́. Ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́ ló kù, bí ìgbà tí èèyàn ń ya páálí.

Wọ́n gbìyànjú láti ti rọ́bà tín-ín-rín kan gba imú rẹ̀ wọ inú kí wọ́n lè fi bọ́ ọ. Rọ́bà náà dé ibi tí ọ̀nà ti dí, ó dúró. Dókítà Ọlábọ̀dé, ọkùnrin gíga kan tó máa ń tẹrí ba bó bá fẹ́ wọlé, pe Fàósátù àti Sìmíátù jókòó.

"Ẹ̀yin ìyá mi," ó ní, "ọ̀nà iwájú ti dí. A máa gba ọ̀nà míì. A ó dá ihò kékeré kan sí i níkùn, a ó ti rọ́bà bọ inú àpò tí oúnjẹ máa ń lọ. Ibẹ̀ lẹ ó máa gbà bọ́ ọ. Tó bá wá lókun lára, tó sanra díẹ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá fẹ ọ̀fun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

Sìmíátù dìde dúró. "Kí lẹ pè é? Ṣé kẹ̀kẹ́ ni àbúrò mi ni, tẹ́ ẹ fẹ́ máa fẹ́ atẹ́gùn sí i látẹ̀gbẹ́? Ẹnu ni Ọlọ́run dá fún oúnjẹ!"

"Ọlọ́run náà ló dá ikùn, ìyá. Ìyẹn ṣì wà ní pípé. Ọpẹ́ ni ká máa dú."

"Mi ò gbà."

"Tẹ́ ò bá gbà, ebi ló máa pa á. Kò pẹ́ mọ́."

Fàósátù tí kò tíì la ẹnu láti àárọ̀ sọ pé, "Ẹ ṣe é fún un."

Sìmíátù yíjú sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ìyàwó," ó ní, "nínú gbogbo àwa tó wà ńbí, ìwọ ló yẹ kó dákẹ́ jù."

Kò sí ìgbájú tó dun Fàósátù tó ọ̀rọ̀ yẹn láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Ó kúnlẹ̀ fún dókítà, ó tún un sọ, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣe é fún un."

Wọ́n ṣe é. Nígbà tí Yẹ̀kínnì jí, rọ́bà pupa kan ti yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì ikùn rẹ̀, wọ́n fi òwú rán an mọ́ awọ, wọ́n sì fi nǹkan bí ẹ̀mú aṣọ pa á lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ Fàósátù bí wọ́n ṣe ń lò ó, Adùnọlá lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin aláwàdà kan ni. Ó ki àrọ bọ ẹnu rọ́bà, irú èyí tí wọ́n fi ń rọ kẹrosín sínú ìgò, ó gbé e sókè, ó rọra da ògì àti mílíìkì sí i.

"Ẹ rí i, ìyá? Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má fẹ́ ẹ. Ẹ ṣáà gbé e sókè, á fúnra rẹ̀ mọ ilé. Tó bá tán, ẹ fi omi díẹ̀ ṣàn án, kẹ́ ẹ pa á dé. Baba, ẹ tiẹ̀ ń gbádùn. Ẹ ò ní máa fọ ẹnu mọ́!"

Yẹ̀kínnì kọjú sí ògiri.

Wọ́n gbé e wálé. Fàósátù fi ọṣẹ sílẹ̀, ó dojú kọ rọ́bà. Ògì tó kúná jù lọ ló ń wá. Ó ń po ẹyin, ó ń lọ ẹ̀wà, ó ń fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ títí kò fi ní sí èèpo kan. Fún ìgbà díẹ̀ Yẹ̀kínnì gbà. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọwọ́ lé ẹnu àrọ. "Ó tó." Àrọ náà kò ní tíì dé ìdajì. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbà láàárọ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbà lọ́sàn-án mọ́. Bí wọ́n bá kírun Ìṣáì tán, á jẹ́ kó da díẹ̀ sí i, á sì ní kó máa gbé e lọ. Egungun èjìká rẹ̀ yọ sóde. Bó bá dìde, ó ń di ògiri mú.

Kò bá Fàósátù jà. Kò bi í ní nǹkan kan nípa abọ́ orí àpótí, láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀. Àìbéèrè yẹn ló ń jẹ Fàósátù lọ́kàn. Bí ó bá jókòó tó ń sẹ́ ẹ̀wà, ohun kan ṣoṣo ló ń rò: oúnjẹ ọwọ́ mi ló ń kọ̀. Ta ni kò ní kọ̀ ọ́? Ọwọ́ tó gbé abọ́ sódà síwájú ọkọ ni ọwọ́ tó tún ń bu ògì fún un.

Nítorí náà, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Sìmíátù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gba oúnjẹ Bàbá Ràmọ́tà ṣe. Bóyá á gbà á lọ́wọ́ yín."

Sìmíátù wò ó títí. Ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó gbé e mì. "Dìde nílẹ̀," ó ní. "Èmi máa bọ́ àbúrò mi bí èèyàn ṣe ń bọ́ èèyàn. Gbogbo omi ògì tẹ́ ẹ̀ ń dà sí i látọjọ́ yìí, ṣé ìyẹn loúnjẹ ọkùnrin?"

Ó rò ó, ó ṣe làákàyè. Kí ni oúnjẹ tó ń yọ̀ jù láyé? Ilá. Ohun tó bá ń yọ̀, ọ̀nà tóóró ò lè dí i lọ́wọ́. Ó rẹ́ ilá, ó sè é, ó fi ẹja tó lọ̀ sí i, ó lù ú títí ó fi ń fà bí okùn, ó sì dà á sínú àrọ. Ilá náà wọ inú rọ́bà tìyẹ́tìyẹ́, ó dé àárín, ó jókòó síbẹ̀. Sìmíátù gbọn rọ́bà, ó fẹ́ ẹnu sí i. Omi gan-an ò kọjá mọ́.

Ní ọsibítù, Nọ́ọ̀sì Adùnọlá fi sírínjì fa omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ó ń tì í sínú rọ́bà, ó ń fà á padà, títí kóró ilá fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

"Ta ló fi ilá sí i?"

"Èmi ni," ni Sìmíátù wí, ó na ọrùn. "Ṣebí ó ń yọ̀ ni."

"Ó ń yọ̀ lóòótọ́, ìyá. Kóró rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn náà ń yọ̀?" Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó ká aṣọ Yẹ̀kínnì sókè tó rí ìhà rẹ̀, ẹ̀rín náà kú. Ó fa Fàósátù sí kọ̀rọ̀. "Ìyá, baba yìí ń tán lọ lọ́wọ́ yín. Dókítà ò lè fi ọ̀pá kan ọ̀fun ẹni tó rí báyìí. Ikùn rẹ̀ dára, rọ́bà dára. Kí ló dé tí kò jẹun?"

"Kò fẹ́ gbà á ni, Àǹtí nọ́ọ̀sì."

"Ẹ bi í léèrè ìdí ẹ̀. Tó bá ń bá a lọ báyìí, ẹ má rò pé ẹ máa rí i di oṣù tó ń bọ̀."

Ọjọ́ kejì, Fàósátù lé gbogbo èèyàn jáde nínú yàrá. Ó ti se oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ó sè é bí ẹni tó ń se oúnjẹ àlejò pàtàkì: ẹ̀wà tó rọ̀, edé tó lọ̀ kúná, epo díẹ̀, ó sẹ́ ẹ, ó tún un sẹ́. Ọkọ rẹ̀ jókòó lórí ẹní, ó wọ jàlàbíà funfun tó ń wọ̀ kírun, ó gbé ẹ̀yìn ti ògiri.

"Bàbá Ràmọ́tà," ó ní, "ẹ ó jẹun lónìí, tàbí kẹ́ ẹ lé mi padà sí Ọ̀yọ́."

Ọkọ rẹ̀ mi orí. Fàósátù ò wò ó. Ó ṣí jàlàbíà náà láàárín, ó tú ẹnu rọ́bà, ó ki àrọ bọ̀ ọ́, ó sì ń da oúnjẹ sí i. Yẹ̀kínnì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n agbára wo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè dá apá aroṣẹ dúró? Bó ṣe ń gbìyànjú ni ikọ́ gbé e. Ikùn rẹ̀ fún pọ̀. Oúnjẹ tó ti wọlé tú jáde létí ihò náà, ó gba abẹ́ báńdéèjì, ó ṣàn sára jàlàbíà funfun.

Àkókò yẹn gan-an ni wọ́n ń pe ìrun Alásàrí ní mọ́ṣáláṣí, ohùn ẹlòmíràn.

Yẹ̀kínnì bojú wo aṣọ rẹ̀. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Fàósátù kò tíì rí omijé ọkùnrin yìí rí, kódà lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ kú.

"O ti bà á jẹ́," ó ní, nínú ohùn páálí yẹn. "Mo ti ṣe àlùwàlá."

"Àlùwàlá kẹ̀?"

"Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá dà á sí i ló ń jò. Ó ń jò tí mo bá tẹ̀, ó ń jò tí mo bá foríkanlẹ̀. Nǹkan ń jáde nínú mi bí ẹran tí wọ́n gún. Àlùwàlá wo ló máa dúró lára mi? Ohùn lọ, ó parí. Kí n wá máa fi ìdọ̀tí dúró níwájú Ọlọ́run?" Ó sinmi, kó lè rí èémí. "Tí inú mi bá gbẹ, kò ní jò. Mo lè kírun."

Fàósátù gbé àrọ sílẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ọ̀ràn yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò sí alẹ́ kan tí kò fi ẹ̀bi ara rẹ̀ sùn, ohun tí ọkọ rẹ̀ ń rò kò sì bá ẹ̀bi náà tan rárá.

"Ìyẹn lẹ fi ń febi para yín?"

Fàósátù sún mọ́ ọn lórí ẹní.

"Ẹ gbọ́. Lẹ́yìn tí oyún tó tẹ̀lé Ràmọ́tà bàjẹ́ lára mi, ẹ rántí pé mo ṣàìsàn?"

"Mo rántí."

"Ẹ rántí pé mo ṣàìsàn, ẹ ò mọ irú ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni. Kò dá. Oṣù wọ oṣù. Mi ò sọ fún yín, ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Mo rò pé Ọlọ́run ò fẹ́ rí mi lórí ẹní ìrun mọ́. Mo lọ sílé Àfáà Mùktárù. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo dúró sí, ojú ń tì mí, ìyàwó rẹ̀ ló bá mi bi í."

"Kí ló wí?"

"Ó ní kí n wẹ̀, kí n fi aṣọ di ara mi. Tí àsìkò ìrun bá tó, kí n ṣe àlùwàlá, kí n kírun. Mo ní kí ìyàwó rẹ̀ bi í pé tó bá wá dà lórí ìrun ńkọ́? Ó ní kí n má dúró, kí n máa kírun mi lọ, tí àsìkò míì bá tó, kí n tún àlùwàlá míì ṣe. Ó ní àìsàn ni, kì í ṣe ìwà mi."

Yẹ̀kínnì fèsì. "Ẹ̀jẹ̀ obìnrin nìyẹn. Oúnjẹ ni tèmi."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ rò pé Ọlọ́run á gba tèmi, tí kò ní gba tiyín? Ṣé torí pé ẹ jẹ́ ládàánì ni?"

Ètè rẹ̀ tó ti dápàá gbọ̀n díẹ̀. Ó fẹ́ jọ ẹ̀rín. "Ẹnu rẹ mú lónìí."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pa á mọ́." Fàósátù tẹjú mọ́ àrọ tó wà nílẹ̀. "Mo rò pé oúnjẹ ọwọ́ mi lẹ̀ ń kọ̀. Mo rò pé nítorí abọ́ yẹn ni."

Ọkọ rẹ̀ wò ó bí ẹni tí wọ́n ń sọ èdè àjèjì sí. "Abọ́ wo? Ìwọ lo gbé e síbẹ̀, èmi ni mo gbé e mì láì wojú ẹ̀. Ìbínú wo ló wà níbẹ̀?" Ó na ọwọ́ sí i pé kó gbé òun dìde. "Bu omi wá. Àsìkò ń lọ."

Fàósátù bọ́ aṣọ tó bàjẹ́ náà lára rẹ̀, ó nu ikùn rẹ̀, ó fi aṣọ mímọ́ di ibi rọ́bà náà gírígírí, bí òun náà ti ń di ara rẹ̀ nígbà tirẹ̀. Ó da omi sí i lọ́wọ́, Yẹ̀kínnì ṣe àlùwàlá, ó sì jókòó kírun nítorí kò lágbára àtidúró. Nígbà tó foríkanlẹ̀, aṣọ tí wọ́n fi dì í rin díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ó dúró díẹ̀ níbẹ̀, iwájú orí nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé orí sókè, ó ń bá ìrun rẹ̀ lọ títí ó fi sálámà.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń jẹun ní gbogbo àsìkò oúnjẹ. Ó sanra débi pé nígbà tí wọ́n padà lọ sí ọsibítù, Nọ́ọ̀sì Adùnọlá béèrè lọ́wọ́ Fàósátù pé ọkọ ta ló gbé wá. Dókítà Ọlábọ̀dé fi ọ̀pá fẹ ọ̀fun rẹ̀ léraléra títí omi fi ń kọjá, títí ẹ̀kọ fi ń kọjá. Ohun tó bá le ju ẹ̀kọ lọ kò kọjá mọ́, rọ́bà náà sì wà níkùn rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé, lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ó padà sídìí pákó. Kò pe ìrun mọ́ láyé rẹ̀. Fàósátù náà padà sídìí ọṣẹ, àwọn tó mọ ọṣẹ sì jẹ́rìí pé tẹ́lẹ̀, ọṣẹ ló ń sè. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, wúrà ni.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn ṣì wà níwájú ní ìrọ̀lẹ́ Alásàrí yẹn. Nígbà tí Yẹ̀kínnì kírun tán, ó gbé ẹ̀yìn ti ògiri, ó fúnra rẹ̀ ká aṣọ sókè, ó sì ní kó gbé ìyókù wá. Fàósátù gbé àrọ sókè, ó ń da ẹ̀wà náà sí i díẹ̀díẹ̀. Àrọ kan lọ. Ó tún bu òmíràn. Yẹ̀kínnì kò gbé ọwọ́ lé e. Nígbà tí ìkejì ń tán lọ, nǹkan kan ru sókè láti inú rẹ̀. Ọ̀fun tó ti dí náà jọ̀wọ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀, ó sì gùfẹ̀.

Ó ń tọ́ inú ẹnu ara rẹ̀ wò.

"Edé," ó ní. "O fi edé sí i."

"Mo fi sí i."

"Ó pọ̀ jù."

Fàósátù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ẹ má bínú," ó ní, ó tún bu ẹ̀wà sínú àrọ.